Ìkíni Ọ̀fẹ́ Ọjọ́ Méje

Ilé Bàbá Tíṣà,
Àpáta, Jos.

Fisáyọ̀ ọmọ mi,

Mo pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin lóṣù tó kọjá, mi ò sì gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo kọ ìyẹn síwájú kó o lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn mẹ́rin tó o fi rán Veronica sí mi, pé kí n máa fi ọ̀pá rìn, kí n má wẹ̀ mọ́ tí mo bá dá wà nílé, kí n lé ọ̀gbẹ́ni tó ń kí mi kúrò lórí fóònù, kí n sì kó ẹrù mi wá sọ́dọ̀ rẹ l'Ékòó, gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́, mo sì dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà fún un bó ṣe gbé e wá.

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Kí iṣẹ́ tó ò ń sáré lọ sídìí rẹ̀ lójoojúmọ́ má gba ẹ̀mí rẹ. Kí ẹsẹ̀ yín má kọ. Kí àwọn ọmọ rẹ dàgbà, kí wọ́n má jìnnà sí ẹ. Àmín.

Nílé níbí, ọyẹ́ ti dé, òtútù ń gé ni létí láàárọ̀ bíi pé ó mọ orúkọ ẹni. Dànkálì, ọ̀dùnkún ibí, tí mo gbìn sẹ́yìn ilé kò ta, òjò tètè dá. Ìyá Abímbọ́lá tí a jọ máa ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì ti lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ l'Ákùrẹ́, èmi nìkan ni mo kù lórí bẹ́ǹṣì yẹn báyìí, tí mo bá gbé báàgì mi sí ẹ̀gbẹ́ ó máa ń dà bíi pé a pé méjì. Aago ọwọ́ bàbá rẹ ṣì wà lórí tábìlì, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni orí fóònù yìí, jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ẹ, torí Veronica ò lè sọ ọ́ bó ṣe rí. Ọmọ dáadáa ni, iṣẹ́ télọ̀ rẹ̀ ń lọ níwájú ilé wa, ó sì ń san owó yàrá rẹ̀ déédéé, ṣùgbọ́n Hausa ló fi ń ro gbogbo ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́ ní Yorùbá.

Oṣù kẹjọ ni mẹ́séèjì kan wọ orí fóònù tó o rà fún mi. Veronica ló kà á. Wọ́n ní ẹnì kan á máa kí mi láràárọ̀, á sì máa gbàdúrà fún mi, pé ọ̀fẹ́ ni fún ọjọ́ méje, kí n tẹ ení. Mo tẹ ení. Ta ló máa kọ ìkíni?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago mẹ́fà ààbọ̀ gééré, fóònù dún. Ohùn ọkùnrin ni, ó tutù. Ó ní ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òbí wa, ṣé ẹ jí ire? Ó wá dákẹ́ kí n lè dáhùn. Dídákẹ́ yẹn ló wọ̀ mí lára jù, torí ìwọ tó o bá pè mí o kì í dákẹ́, ọ̀rọ̀ rẹ máa ń sáré bíi pé ẹnì kan dúró tì ẹ́ lẹ́yìn. Mo ní a dúpẹ́, ọmọ mi, orúnkún nìkan ló ń dùn mí. Ó ní Ọlọ́run á fún yín lókun. Ṣó o rí i? Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ orúnkún. Ó gbàdúrà, ó kí mi pé ó dàbọ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ keje, mo mọ̀ pé àlejò mi ń lọ. Mo wẹ̀, mo wé gèlè, mo jókòó dè é. Mo ní kó kí ìyàwó rẹ̀, mo ní kó má pàdé aburú lọ́nà, mo ní ó káre. Gbogbo ohun tí àgbà ń ṣe ni mo ṣe. Lọ́jọ́ kẹjọ, aago mẹ́fà ààbọ̀, fóònù dún.

Inú mi dùn, Fisáyọ̀, mi ò ní purọ́. Mo rò pé ó wò mí, ó rí i pé mo dá wà, ló bá fi ọjọ́ kún ọjọ́ rẹ̀. Mo fi yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní àwọn kan máa ń sọ pé ọjọ́ méje, wọ́n á lọ lọ́jọ́ kejì, èyí sọ méje, kò lọ rárá.

Ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo yọ̀ ní balùwẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Ìbàdí ni mo fi balẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, mi ò lè dìde. Veronica ti lọ sùn lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Bukuru. Mo wọ́ ara mi dé ibi tí fóònù wà, ìwọ ni mo kọ́kọ́ pè. Obìnrin kan ló dáhùn, ó ní owó mi ò tó. Mo ní báwo ni ò ṣe ní í tó, ọmọ mi fi ẹgbẹ̀rún méjì ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mi ò sì pe ẹnikẹ́ni. Ó tún un sọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé gbólóhùn kan péré ni mo fẹ́ bá ẹ sọ. Ó tún un sọ. Mo jù ú sílẹ̀.

Ìgbà tó di aago mẹ́fà ààbọ̀, fóònù dún. Mo ní Olúwa o ṣeun. Ó ní ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òbí wa, ṣé ẹ jí ire? Ó dákẹ́. Mo ní mi ò jí ire o, ọmọ mi, mo ti ṣubú, mo wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, òtútù ń pa mí, jọ̀ọ́ bá mi pe Fisáyọ̀ l'Ékòó. Ó ní Ọlọ́run á fún yín lókun. Ó gbàdúrà fún àwọn tó ń rìnrìn àjò àti àwọn tó ń tajà. Ó ní kí ọjọ́ mi dùn. Ó lọ.

Aago mẹ́wàá ni Veronica tó dé. Ó ké haba, Mama, sannu, sannu, ẹ pẹ̀lẹ́, ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Egungun ò kán, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni mo lè fi sùn báyìí. Òun ló yẹ fóònù wò, ó ní láti ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ti ń yọ ọgọ́rùn-ún náírà láràárọ̀, pé ibẹ̀ ni gbogbo owó tó ò ń fi ránṣẹ́ ń gbà lọ. Mo ní ta ló fún wọn láṣẹ. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, tí ọjọ́ ọ̀fẹ́ bá pé tí èèyàn ò bá ní ó tó, wọ́n á gbà pé ó ní kí wọ́n máa bá a lọ. Mo ní mo dágbére fún un! Mo wé gèlè! Ó ní hakuri Mama, kí n ṣe sùúrù, kò gbọ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, òun náà ló ń kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Mo ní ṣé gbogbo ẹgbẹẹgbẹ̀rún yẹn ni orúnkún ń dùn ni? Ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ojú mi, ó fa aṣọ bò mí lẹ́sẹ̀.

Ní Èkìtì tí wọ́n bí mi sí, ọmọ á kúnlẹ̀ kí àgbà, àgbà á súre fún un, kò sẹ́ni tó jẹ ẹnì kejì ní nǹkan kan. Oṣù mẹ́rin ni mo fi súre fún ọkùnrin yẹn. Kí wọ́n dá ìyẹn náà padà tí wọ́n bá ń ṣírò.

Veronica ní ọ̀rọ̀ kan péré ni òun á tẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, ó parí, wọn ò ní pè mí mọ́, wọn ò sì ní yọ owó mọ́. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ báyìí pé kò gbọ́ mi, Fisáyọ̀. Mi ò kàwé púpọ̀ ṣùgbọ́n mi ò ya òmùgọ̀. Àmọ́ tí fóònù yẹn ò bá dún ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ta ló máa béèrè bóyá mo jí?

Mi ò ní wá sí Èkó. Bàbá rẹ wà nínú ilẹ̀ ibí. Má sì fi owó ránṣẹ́ sórí fóònù mọ́, ọ̀gbẹ́ni yẹn lò ń bọ́.

Nígbà tí a sin bàbá rẹ, o sọ níwájú Olúmúyìwá àbúrò rẹ̀ pé ọjọ́ méje lo máa lò tì mí. Lọ́jọ́ kejì, ọ́fíìsì pè ẹ́. O ti gbé báàgì kọ́rùn kó o tó ní Mọ́mì, ẹ má bínú, mo jẹ yín ní ọjọ́ márùn-ún, mo máa wá san án. Ọdún kẹta rèé. Ìwé mẹ́ta ni mo kà, ṣùgbọ́n mo mọ iye tó kù tí a bá yọ méjì nínú méje.

Ebenezer ọkọ Veronica tó ń wa bọ́ọ̀sì wá sí Èkó ló mú lẹ́tà yìí wá. Ọjọ́ Ẹtì ló ń padà, ó sì ti ṣèlérí pé òun á fi àga kan sílẹ̀ fún ẹ lẹ́yìn òun. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ lọ́nà. Ọjọ́ tó o bá wọlé ni Veronica máa tẹ ọ̀rọ̀ yẹn sí wọn, kì í ṣe ṣáájú.

O jẹ mí ní ọjọ́ márùn-ún. Wá san án.