Mílíọ̀nù Kan àti Mẹ́ta

Ọjọ́ Ẹtì, oṣù Kẹsàn-án, 1972

Mo ti parí ẹ̀. Kò sí nọ́ńbà tó lè pín 1,000,003 láìṣẹ́kù, àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀.

Láti oṣù Kìíní tí wọ́n ti fi òǹtẹ̀ lu nọ́ńbà yẹn sórí ìwé ẹrù kan níwájú mi ní ọ́fíìsì wa lẹ́bàá èbúté, ní Liverpool Road ni mo ti ń fi àkókò oúnjẹ ọ̀sán dán an wò.

Lánàá, 991 pín in, kò ṣẹ́ku nǹkan kan. N ò lè jẹun alẹ́. Ó dà bíi pé ọmọ mi ló fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Láàárọ̀ yìí mo tún un ṣe kí ọ̀gá tó dé: èmi ni mo ṣì í, mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ló ṣẹ́kù. Lọ́sàn-án mo fi 997 pín in, ó ṣẹ́ku méjìlá. Kò sídìí láti kọjá ẹgbẹ̀rún. Bí nọ́ńbà tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ bá lè pín in, èsì ìpín náà á kéré sí ẹgbẹ̀rún, ǹ bá sì ti kọ́kọ́ rí i.

Mo délé ní Ajégúnlẹ̀, mo sọ fún Màámi.

“Gbogbo oṣù mẹ́jọ tí o fi ń wá a, o ò rí nǹkan kan?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn.”

Wọ́n gbé garawa, wọ́n jáde.

Mo ń gbọ́ ohùn wọn báyìí nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń sọ fún Ìyá Sikirá, aládùúgbò wa: “Mílíọ̀nù kan àti mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó lè pín in. Ọmọ mi ló wádìí ẹ̀.”