Ìpele Kẹrin ni O Fi Í Sí

Èmi, ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, ni mo ń bá ọ sọ̀rọ̀ ní òwúrọ̀ yìí, nínú yàrá àlejò ilé mi, níṣojú ìyàwó rẹ, àwọn ọmọ rẹ àti gbogbo ẹbí. Ọdún márùn-ún rèé tí o lọ, àbúrò mi. Ọdún márùn-ún gbáko!

Àkọ́bí rẹ ti ga jù mí lọ. Ó ti tó ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fọwọ́ kan ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń rìn lọ sí ibi iṣẹ́. Àbíkẹ́yìn rẹ, tí kò tíì ní eyín nígbà náà, ti ń kàwé sí mi létí, èmi náà sì ń tún un ṣe níbi tí ó bá ti ṣì í kà. Ìyàwó rẹ ti parí yàrá òkè. Àwọ̀ tí ìwọ fúnra rẹ yàn ni ó fi kùn ún.

Ọdún márùn-ún náà ni wọ́n sì fi ń sọ pé ìwàǹwára ni ó pa ọ́. Ìwọ! Ìwọ tí o máa ń yẹ nọ́ọ̀tì táyà wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí o tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì!

Mo rántí bí o ti ń ráhùn nípa ọkọ̀ eré-ìje pupa yẹn. Ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tí ń di táyà mú kí ó má baà yọ̀. Ìjánu ni ìwọ ń pè é. "Ẹ̀gbọ́n mi," ni o wí, "Ìjánu yìí ti le jù. Bí mo bá tẹná díẹ̀ báyìí, ó ti gba agbára ọkọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin gan-an ni ó jọ: kí ènìyàn tó la ẹnu, ẹ ti bá a wí." Mo ní, "Kí o má baà ṣubú ni." O rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ.

O kò fẹ́ pa Ìjánu. O fẹ́ kí ó rọ̀ díẹ̀ ni. O fi kókó kékeré kan tí a ń yí sí abẹ́ ìdarí ọkọ̀. Ní ìpele kẹfà, Ìjánu le koko. Ní òdo, kò sí ohun tí ó di táyà mú mọ́. Ìpele kan péré ni o ń dín lẹ́ẹ̀kan, lórí ọ̀nà gbígbẹ, o sì ń fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ rẹ̀ sára bébà funfun tí o lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kókó náà. O kì í yí i láìkọ ọ́! Ìpele kẹrin ni o kọ gbẹ̀yìn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà nínú òjò, orí òdo ni wọ́n bá kókó náà.

Mo fura. Mo fura sí Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́, alábàáṣiṣẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń tún ọkọ̀ ṣe. Nígbà tí ó ń sunkún, mo fura sí ẹkún rẹ̀. Nígbà tí ó dákẹ́, mo fura sí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Mo sọ ọ́ káàkiri títí àwọn oníbàárà fi ń sá fún un. Síbẹ̀, kò ti ilé iṣẹ́ yín pa fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Orúkọ rẹ ṣì wà lókè pátákó.

Níjẹta, ó wá. Ẹnu ọ̀nà ni ó dúró sí, ó kọ̀, kò jókòó. "Ẹ̀gbọ́n wa," ni ó wí, "ẹ ti pè mí ní apànìyàn fún ọdún márùn-ún. Ẹ fojú ara yín wo aago tí ó wà nínú ìwé yìí." Ó ti rí ẹni tí ó lè ṣí ẹ̀rọ Ìjánu tí ó jóná nínú ìjàǹbá náà, tí ó sì lè ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá yí kókó ni ẹ̀rọ náà ń kọ aago rẹ̀ pamọ́. Láti ìpele kẹrin sí òdo: òwúrọ̀ ọjọ́ tí o kú, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá! Nínú yàrá yìí ni o wà ní wákàtí náà, o na gbalaja sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, o ń wá ìdí tí ó fi ń já òwú. O ti fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ kọ́ sára ìṣó ẹnu ọ̀nà, níbi tí o máa ń fi í kọ́ láìfura sí ẹnikẹ́ni. Àwa mẹ́ta péré ni a sùn sí ilé yìí mọ́jú ọjọ́ náà. Ìwọ kọ́. Èmi kò mọ ọkọ̀ wà. Ẹni kẹta ní òun ń lọ ra ìwé ìròyìn. Ó pẹ́ kí ó tó dé, ó ń làágùn, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣófo. "Ó ti tán," ni ó wí.

Ojú ọ̀run ń ṣú. Mo ní kí o tètè máa lọ kí òjò tó dé. Mo kán ọ lójú, o kò ráyè wo kókó náà. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. N kò ní fi í pamọ́.

Lánàá, nídìí tábìlì oúnjẹ, mo bi ẹni náà léèrè. "Mo kàn fẹ́ mọ bí ó ti máa ń rí," ni ó wí, "bí ohunkóhun kò bá di ènìyàn mú." Òun kan náà ni ó kọ́kọ́ dìde níbi ìsìnkú rẹ tí ó ní ìwàǹwára ni ó pa ọ́!

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́wọ́-Jẹ́jẹ́ níṣojú gbogbo ènìyàn.

Àárò rẹ ń sọ wá, àbúrò mi. A fẹ́ràn rẹ lónìí ju àná lọ. Kí àwọn ọmọ rẹ gbọ́ ọ, kí wọ́n sì gbé orí sókè: ìwọ kọ́ ni o tú Ìjánu. Ìpele kẹrin ni o fi í sí. Ẹni tí ó tú u jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi níhìn-ín, ó wọ dúdú nítorí rẹ.

Ọkọ mi ni.