Àmì Ìdánudúró Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sí Ọ

Akọ̀wé mi, ọmọ tí mo fi ń yangàn láàárín ẹgbẹ́,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú àárẹ̀, mo kí ọ kú ìfaradà àwọn ará ìlú ńlá tí wọ́n máa ń pàdé ara wọn lórí àtẹ̀gùn tí wọn kì í kí ara wọn, àwa níbí dúpẹ́, a ò kú, a ò rùn, àdúrà mi ni pé kí ojú má rí ibi lára rẹ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí ọ̀gá rẹ náà sì jí pẹ̀lú inú dídùn lọ́jọ́ Mọ́ńdè nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, àmín.

Ilé dáa. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù kò jò mọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin ló gun òkè lọ dí i, ó jábọ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n kò ṣèṣe, orí àpò irun tí a fi ń kún irun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ló bọ́ sí, irun náà ló fara gbá, mo sì ti yà á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún àwọn oníbàárà tí kì í sanwó bọ̀rọ̀.

Ká wá sórí ọ̀rọ̀. Àyà mi já nígbà tó o pè mí lọ́jọ́bọ̀ tó ò ń sunkún, tó o ní ọ̀gá rẹ fi bírò pupa kùn gbogbo ìròyìn iṣẹ́ tó o kọ lédè òyìnbó nípa wàhálà oníbàárà yín kan, pé ó ní gbólóhùn rẹ ń sáré wọ inú ara wọn, pé kò sí àmì ìdánudúró níbẹ̀, àti pé tí èyí tó o máa gbé wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè bá tún sáré, wọn ò ní sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ gidi lẹ́yìn ìdánwò yìí, kó o kó báàgì rẹ máa lọ sílé. Ọmọ mi, nu ojú rẹ nù. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Àmì ìdánudúró tán nínú kọ̀ǹpútà yín ni, bí káàdì fóònù ṣe máa ń tán náà ni, ọ̀gá tí kò lè ra òmíràn fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló wá ń fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ, ahun ni.

Mi ò bá a jà. Mo sọdá sọ́dọ̀ obìnrin atẹ̀wé tó dojú kọ ṣọ́ọ̀bù wa, ẹni tó o fi fọ́tò ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ nítorí tèmi kì í gba fọ́tò, mo ní kó bá mi tẹ àmì ìdánudúró kún odindi ojú ìwé kan, kó tẹ ọ̀kan tó sanra díẹ̀ fún ìparí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú, mi ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín, mo ṣáà dúró tì í títí ó fi tẹ̀ ẹ́ tán. Ó wà nínú àpò ìwé yìí. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kó o máa gé e, má gé e níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, má sì jẹ́ kí àwọn tí ẹ jọ jókòó níbi iṣẹ́ rí i o, wọ́n á yá a, wọn ò ní dá a padà.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ kì í ṣe ẹni tí í fi òògùn ránṣẹ́ láìmọ ibi tó ń dunni. Bàbá Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì wà lọ́dọ̀ wa, ó ń dúró de ìyàwó rẹ̀ tí mò ń dirun fún, ni mo bá ní kó ka ìwé náà lórí fóònù obìnrin atẹ̀wé tó bá mi sọdá wá tòun ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ní páìpù bẹ́ nílé oníbàárà, omi wọ kíṣíìnì, obìnrin náà ń pariwo, mo pe àwọn oníṣẹ́ omi, mọ́tò wọn kò ní epo, aládùúgbò gbé garawa wá, garawa náà jò, omi dé yàrá, Bàbá Tíṣà ò tíì mí, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ń wá ibi tó máa dúró sí, kò rí, ni ikọ́ bá gbé e, ìyàwó rẹ̀ sáré dìde tòun ti irun tí mi ò tíì dì tán lọ bu omi fún un. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní ṣé ẹ rí i, ọmọ mi mọ ìtàn sọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tíṣà.

Nígbà tó rí èémí gbà, ó ní ọ̀rọ̀ kan tó bá ti délé, kó o tilẹ̀kùn mọ́ ọn kí òmíràn tó jáde, àbí kó o wá ọ̀rọ̀ ìsopọ̀ kan fi dè é mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e, pé kọ́mà nìkan kò lágbára tó láti di odindi gbólóhùn méjì mú. Mo ní ó ti yé mi. Ó tún un kà, èmi ń dirun lọ, ibi tí mo bá ti di ìlà irun kan parí ni mo ti ń ké pé dúró, obìnrin atẹ̀wé á sì tẹ àmì síbẹ̀. Bàbá Tíṣà ní ọ̀kan bọ́ sáàárín orúkọ ọ̀gá rẹ, mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, kí òun náà sinmi. Ló bá mú bírò, ó ṣe tiẹ̀ sórí ìwé mìíràn. Mo fi méjèèjì ránṣẹ́, mú èyí tó bá wù ọ́, ṣùgbọ́n tiwa ló lẹ́wà.

Bó ṣe ń lọ ló bi mí pé ṣé bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ìbéèrè yẹn mú mi lọ́kàn, mo jókòó sórí àga àwọn oníbàárà.

Bóyá o ti gbàgbé, èmi ò gbàgbé. O kólòlò ní kékeré. Ọ̀rọ̀ á há sí ọ lẹ́nu, àwọn èèyàn á bá ọ parí rẹ̀, wọ́n á sì gbé e gba ibi tó ò fẹ́, o fẹ́ béèrè omi, wọ́n á gbé oúnjẹ fún ọ. Lọ́jọ́ kan lo wá dọ́gbọ́n pé tí ẹnu bá ti ṣí, kó o máa sáré lọ, nítorí tó o bá dúró, kò ní ṣí mọ́. Mo kéde fún gbogbo oníbàárà pé ẹni tó bá já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọmọ mi, ìdajì irun ló máa gbé lọ sílé. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Ìyá oníbúrẹ́dì já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ, mo kó òòyà mi nílẹ̀, apá ọ̀tún dì, apá òsì tú, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gba àárín ìgboro kọjá. Látọjọ́ náà, tó o bá ti lanu, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á pa lọ́lọ́. Wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba, ìwọ pe baba, o pe ìyá, o pe gbogbo àdúgbò, o ò sì dúró mọ́. Inú mi dùn nígbà yẹn, inú mi ṣì ń dùn, kò sí bírò pupa tó lè sọ fún mi pé a ṣe é tì.

Bí owó bá wọlé, rántí mi, dígí ṣọ́ọ̀bù ti là, àwọn oníbàárà ń rí ojú méjì méjì, wọ́n ní èmi ni mo dirun wọn wọ́. Awakọ̀ tó ń bọ̀ wálé ni kó o fi rán, má fi gba báńkì, ẹ̀rọ tó wà lára ògiri wọn béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ mo sọ ọ́ sí i létí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò dá mi lóhùn, kò sì fún mi lówó.

Ohun tó o máa rántí bó o bá ń kọ èyí tó o máa gbé síwájú ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ Mọ́ńdè nìyí o. Ìwé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni. Tó o bá dúró lórí ìwé, kò sẹ́ni tó máa bá ọ parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó kù á dúró dè ọ́. Sọ ọ̀kan. Dúró. Mí. Ọmú tó o mu láyà mi ni mo fi wúre fún ọ, ẹnu rẹ á tún ṣí. Iṣẹ́ náà kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àmín.

Èmi ìyá rẹ ni. Mò ń gbọ́.