Ìyẹ́ Apá Chandi àti Ọwọ́ Bàbá

                                        Ilé Allahdino,
                                        Hirabad,
                                        Hyderabad, Sindh.
                                        Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún, 2019.

Bakhtawar mi, ọ̀rẹ́ tí a jọ dàgbà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń jẹ́ kí o sùn? Orúnkún ìyá rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé ẹ ṣì ń wọ súwẹ́tà láàárọ̀ ní Quetta. Jọ̀ọ́, di díẹ̀ nínú òtútù yẹn sínú àpò, kí o fi ránṣẹ́ sí wa. Oòrùn ti gbé àga jókòó sójúde wa níbí. Ọ̀sán ti di ohun tí à ń wọ́ ẹsẹ̀ là kọjá, bí ẹni ń rìn nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ara gbogbo wa le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

O béèrè Chandi lọ́wọ́ mi lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn, ìlà já kí n tó dáhùn. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ ní pẹ̀lẹ́tù.

O rántí ẹyẹ kokatíìlì ìyá ọkọ mi, eléérú lára, tó ní ìyẹ́ ṣónṣó lórí, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ẹni jí àtíkè ìyàwó kùn. Láti ìgbà tí a ti sin Ìyá ló ti di ti Bàbá, baba ọkọ mi. Bàbá á sùn gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì onígi tí a fi ẹ̀wọ̀n so rọ̀ ní pálọ̀, Chandi á dùbúlẹ̀ sí i láyà, Bàbá á sì máa fọwọ́ pa á láti orí dé ìdí ìrù. Bẹ́ẹ̀dì á máa fì, atẹ́gùn á máa gba ihò tí wọ́n dá sórí òrùlé fún un wọlé, àwọn méjèèjì á di ojú. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì wò wọ́n títí ọbẹ̀ á fi jóná. Bàbá kì í bá wa sọ̀rọ̀ mọ́ ju kí ó kí wa lọ. Kò dárúkọ Ìyá rí láti ọjọ́ ìsìnkú. Etí ẹyẹ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ.

Nígbà tó yá, ìwà Chandi yí padà. Ó ń ya ìwé ìròyìn, ó ń wọ́ ọ lọ sábẹ́ àpótí aṣọ níbi tó ṣókùnkùn. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á gbé ìrù sókè, á máa ké wínníwínní. Bí Manthar ọkọ mi bá sún mọ́ Bàbá, ẹyẹ á ṣá a jẹ. Manthar rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá ti fẹ́ ìyàwó kékeré, òjòwú sì ni. A ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ló fi ṣàwàdà. Láìpẹ́ Chandi yé ẹyin, láìsí akọ. A kó o dànù, ó tún yé òmíràn. Inú Bàbá dùn, ó wá ń fún un ní ìrẹsì lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ẹyin sísè lójoojúmọ́.

Manthar ń bẹ̀rù fáànù àjà, ó ní ọjọ́ kan ni yóò gé ẹyẹ náà sí méjì. Ó pe ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta ẹyẹ lọ́jà, ìyẹn gé ìyẹ́ apá kan ṣoṣo dé ìdí. Ẹyẹ kì í sì í fi apá kan fò. Chandi fò láti lọ bá Bàbá, ó fì yípo bí ewé gbígbẹ, ó sì fi àyà gbá ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ jáde. Bàbá fi ìborùn rẹ̀ gbé e, kò sì jẹun lọ́jọ́ náà.

Kí ọgbẹ́ náà tó jinná tán, a bá a lówùúrọ̀ ọjọ́ kan nísàlẹ̀ àgò, ìyẹ́ rẹ̀ wú bí òwú, ó ń rọbí, ẹyin há sí i nínú. A gbé e dé ọ̀dọ̀ Dókítà Farzana tó ń tọ́jú ẹran. Ọmọbìnrin tí ohùn rẹ̀ tutù ni. Ó fi ooru àti òróró tọ́jú rẹ̀ títí ẹyin fi bọ́. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Bàbá.

“Bàbá, bí ẹ ṣe ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìrù yẹn, ọkọ ló ń pè yín. Bẹ́ẹ̀ ni á máa yé ẹyin títí tí kò fi ní sí agbára nínú egungun rẹ̀ mọ́. Orí nìkan ni kí ẹ máa fọwọ́ kàn.”

Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ títí. “Ṣé ìfẹ́ mi ló wá fẹ́ pa á?”

“Ìfẹ́ kọ́, Bàbá. Ibi tí ẹ gbé ìfẹ́ náà lé ni.”

Ó ní ká dí abẹ́ àpótí, ká dá oúnjẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ dúró, ká máa fi aṣọ bo àgò ní kété tí oòrùn bá wọ̀ kí ó lè sùn pẹ́, àti pé tó bá tún yé ẹyin, ká fi í sílẹ̀ fún un kó sàba lé e títí á fi sú u. Ní ti apá, ó ní bí gígé bá pọn dandan, díẹ̀díẹ̀ ni, lọ́tùn-ún lósì, kí ó lè rọra balẹ̀. Ṣùgbọ́n ó sàn ká jẹ́ kí ó hù, nítorí fífò máa ń mú ara ẹyẹ rọlẹ̀.

A délé, Manthar tún gbé ọ̀rọ̀ fáànù dé. Bàbá ní ká pa fáànù náà. Manthar ní ooru á pa wá kí ìyẹ́ tó hù.

“Ooru ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Hyderabad,” ni Bàbá wí. “Wọ́n bí mi kí fáànù tó wọ ilé yìí.”

Ìjọba ló parí ìjà náà fún wa. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ lọ́sàn-án, tí gbogbo àdúgbò ń kérora, fáànù á dúró fúnra rẹ̀, èmi á ta àwọ̀n sójú fèrèsé àti ihò òrùlé, Bàbá á ṣí àgò.

Kò rọrùn fún un, Bakhtawar. Chandi á wá, á gbé ẹ̀yìn fún un, á máa bẹ̀bẹ̀. Bàbá á di etí bẹ́ẹ̀dì mú bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi ń fì. Á kúkú súfèé fún un, tàbí kí ó fún un ní èèpo àgbàdo kó máa ya. Ẹyin dáwọ́ dúró. Ìyẹ́ sì ń hù.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, iná lọ. Chandi gbéra, ó yí pálọ̀ po, ó tún un yí, òjìji rẹ̀ ń lọ lára ògiri bí ẹja nínú omi tó mọ́. Ó bà lé Bàbá léjìká, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ìrù. Ọwọ́ Bàbá gbéra, ó dúró lófuurufú, ó wá rọra bà lé e lórí, ó ń họ ọ́ lẹ́yìn ìyẹ́ ṣónṣó yẹn. Ẹyẹ di ojú.

Bàbá ò yíjú sí mi tó fi sọ̀rọ̀. “Zulekha, ìyá yín náà kì í fẹ́ kí n fọwọ́ kan òun bó bá ń yan búrẹ́dì róòtì. Á ní kí n lọ jókòó sí ọ̀hún, kí n máa súfèé fún òun.”

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń sọ̀rọ̀ Ìyá fún mi, ó ń sọ ọ́, títí iná fi dé, kò sì sí ẹni tó dìde lọ tan fáànù.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti ìyá rẹ, kí o fẹnu ko àwọn ìbejì lẹ́nu fún mi. Manthar ní kí n kí ọ, Bàbá náà ní kí n kí ọ, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

                                        Èmi ni, tìrẹ bíi ti àtijọ́,
                                        Zulekha.