Ìwé Tí N Kò Jẹ́ Kí Ó Di Pàǹtí

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Mo gbà á ládùúrà pé iṣẹ́ tuntun náà ò gba oorun lójú rẹ. Ara tiwa níbí le bí ọta. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan tó, ó kọ̀.

Ṣé o rántí akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń pè ní Ìyàwó Ẹ̀rọ ní yàrá ìwádìí tí mo ń gbá, nítorí pé kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀? Àwọn òòfà tíntìntín tí ojú ò lè rí ló ń wádìí. Ó ní kálukú wọn lè kọjú sókè, tàbí sísàlẹ̀, tàbí sí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí n kò tíì gbà. Ìmọ́lẹ̀ ló fi ń bọ́ wọn, ṣùgbọ́n agbára ń jò lára wọn bí omi ṣe ń jò lára garawa. Tí jíjò náà bá dé ìwọ̀n kan, gbogbo wọn á yíwà padà pọ̀.

Ọ̀gá yàrá ìwádìí náà ti ní bí Ìyàwó Ẹ̀rọ kò bá rí nǹkan gidi mú wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹlòmíràn ni òun máa gbé ẹ̀rọ náà fún. Lọ́jọ́rú, mo bá a tó ń sunkún. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Bí mo bá ti ń sún mọ́ ìwọ̀n yẹn, ńṣe ni àwọn òòfà ń lọ́ra kí wọ́n tó fara balẹ̀. Gbogbo ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti dà nù."

Mo ní, "Ta ló dà á nù? Ìwọ jù ú sínú garawa ìdọ̀tí ni. Èmi ò dà á nù."

O ṣáà mọ̀ mí. Ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ kì í kọjá lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ iye ọṣẹ àti ìgbálẹ̀ tí a fẹ́ rà sẹ́yìn wọn, mo sì ti ka iwájú wọn. Nígbà tó ku ìṣísẹ̀ mẹ́jọ kí jíjò dé ìwọ̀n yẹn, àkókò ìfarabalẹ̀ jẹ́ mẹ́ta. Ó ku mẹ́rin, ó di mẹ́fà. Ó ku méjì, ó di méjìlá. Ó ku ẹyọ kan, mẹ́rìnlélógún. Mo ní, "Fi ọ̀kan ṣe ìlọ́po èkejì, mẹ́rìnlélógún ni níbi gbogbo. Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ kì í mọ ìṣirò tó báyìí."

Ó wò mí, ó wo ìwé. Ariwo tó pa, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sáré wọlé! Ó ní ìlọ́ra yẹn kì í ṣe àbùkù, òun gan-an ni àmì pé àwọn òòfà náà ti fẹ́ yí padà. Ọdún méjì ni òun ti ń wá a.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀gá yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. Ó rí ọṣẹ mẹ́rin, ìgbálẹ̀ méjì, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ kò kúrò lọ́wọ́ Ìyàwó Ẹ̀rọ mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Baba Má-dà-á-nù, ẹ kú ẹnu o!

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí làálàá rẹ jò dànù. Bó bá sì máa jò, kó jò dé ìwọ̀n tó ń mú ayọ̀ wá.

Èmi ni bàbá rẹ tí ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀,
Baba Má-dà-á-nù.

Mo tún rántí: àwọn iye tó wà lẹ́yìn lẹ́tà yìí ò wúlò mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi Ìyàwó Ẹ̀rọ léèrè kí n tó kọ lẹ́tà sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Síbẹ̀, má dà á nù.