Bàbá, Kùkùté Yín Rúwé

Ọdún márùn-ún rèé tí ẹ ti fi wá sílẹ̀, Bàbá wa Hezekiah, òǹkàwé ìjọ, àgbẹ̀ kòkó. Láti 1957! Ilé tí ẹ kọ́ dé ojú fèrèsé ti parí, páànù ti wà lórí rẹ̀. Olúmúyìwá ọmọkùnrin yín ti di tíṣà ní Olódò. Èmi Motúnráyọ̀ ti bímọ méjì. Imú yín ni èkejì gbé wáyé.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ igi yẹn ni mo bá wá.

Nígbà tí ìjọba ní kí wọ́n gé gbogbo kòkó tí àìsàn ń mú kí ẹ̀ka rẹ̀ wú, oko wa dà bí aṣálẹ̀. Ẹ wá fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà yí igi kan ká ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ ní balùwẹ̀ obìnrin ni. Ta ni yóò wọ balùwẹ̀ obìnrin lọ gé kòkó? Ẹ ní ẹlẹ́rìí yín ni igi náà, nítorí Wòlíì Aísáyà ti sọ pé aṣálẹ̀ yóò tanná, igi igbó yóò pàtẹ́wọ́, kùkùté pàápàá yóò rúwé. Bí ẹ bá ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn yín a máa gbọ̀n.

Bàbá, lọ́dún yìí ẹ̀ka igi náà wú. Àyà mi já! Kòkó tuntun tí a gbìn lẹ́yìn yín kò jìnnà sí i. Bí a bá dá a sí, oko yóò tún kú. Bí a bá gé e, kí la ó wí fún yín? Ìyá ló wá ní kí a gé e, pé igi kọ́ ni ọkọ òun. Olúmúyìwá gé e tomijé-tomijé.

Kò pé oṣù kan, kùkùté rúwé! Ọ̀mùnú pupa, ó ń dán. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ohun tí ẹ kà fún wa rèé! Àmọ́ àwọn ará àgíríkì ti kìlọ̀ pé inú irú ọ̀mùnú bẹ́ẹ̀ ni àìsàn ń gbé. Mo dúró tì í títí oòrùn fi kàntàrí. Ẹ má bínú, Bàbá. Mo hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Ṣé mo ṣẹ̀ sí ọ̀rọ̀ wòlíì? Ẹ̀rù náà ò tíì kúrò lára mi. Láàárọ̀ yìí, kí n tó gbé Bíbélì yín lọ kà níbi ìsìn ìrántí yín, mo yà sóko. Òdòdó wẹ́wẹ́ ti bo ara kòkó tuntun! Mi ò mọ̀ bóyá yóò dúró o. Òdòdó kòkó a máa rẹ̀ dànù. À ń ṣàárò yín, Bàbá. A fẹ́ràn yín síbẹ̀.

Nígbà tí mo rí òdòdó náà, mo kígbe pé kí ẹ wá wò ó. Mo ti pè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó rántí.