Hóró Kan Tó Gba Ipò Méjì

Ṣọ́ọ̀bù Téélọ̀ Mùíbì,
Ojú Ọ̀nà Masifa,
Ẹ̀jìgbò, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
9 Oṣù Kẹsàn-án, 1993.

Kàsímù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé ní Àbíjàn. Ìyàwó ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo gbọ́ pé Wúràọlá ọmọ rẹ ti ń rìn, inú mi dùn púpọ̀. Àlàáfíà la wà níbí. Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ni mo fẹ́ ròyìn.

O mọ̀ pé dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ rìnrìn àjò wá sọ́dọ̀ rẹ àfi bí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn bá wálẹ̀. Oògùn méjì ló fún wọn, funfun àti pupa, síbẹ̀ ńṣe ni ẹ̀jẹ̀ ń ga sí i. Ìyá ń sunkún pé àwọn ò ní fojú kan ọmọ ọmọ àwọn. Èmi náà, o mọ̀ mí, ara mi kì í balẹ̀ bí mi ò bá mọ ìdí nǹkan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rí oògùn náà. Ọ̀rá ti funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, ti pupa ṣì kún fọ́fọ́.

Mo béèrè títí kí wọ́n tó jẹ́wọ́. Pupa yẹn ń mú wọn tọ̀ ṣáá. Bí wọ́n bá ṣe àlùwàlá tán, kí wọ́n tó dé mọ́sáláṣí, ó ti bàjẹ́. Ni wọ́n bá pa á tì, ojú sì ń tì wọ́n láti sọ̀rọ̀ ìtọ̀ fún dókítà tí kò ju ọmọ wọn lọ.

Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí ọsibítù, mo bá wọn sọ ọ́. Dókítà ò bínú. Ó fún wọn ní hóró kan ṣoṣo tí wọ́n ti po oògùn méjèèjì pọ̀ sí, èyí tó ń múni tọ̀ ò sì pọ̀ níbẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní lẹ́yìn ìrun àsùbáà ni kí wọ́n máa lò ó, ìtọ̀ á ti rọlẹ̀ kí ìrun àìlà ọ̀sán tó dé. Mo bi í bí ọ̀kan ò ṣe ní ba èkejì jẹ́ nínú hóró yẹn. Ó ṣàlàyé, àmọ́ kò tíì yé mi délẹ̀ títí di òní. Ìyá wo hóró náà títí, wọ́n ní, "Wọ́n ti so èyí tí mò ń sá fún mọ́ èyí tí mo fẹ́. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ yọ ọ́ mọ́."

Wọn ò yọ ọ́ lóòótọ́. Lánàá, dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ó tún un wọ̀n. Ó ti wálẹ̀ dáadáa. Ó ní wọ́n lè máa lọ, kí wọ́n má ṣáà dáwọ́ oògùn dúró.

Nímọ́tà ìyàwó mi kí yín gan-an. Bá mi kí gbogbo ará Ẹ̀jìgbò tó wà lọ́hùn-ún.

Nígbà tí a jáde ní ọsibítù lánàá, ìyá dúró, wọ́n ní, "Mùíbì, báwo ni wọ́n ṣe ń pe ọmọdé ní Faransé kó fi wá bá èèyàn?" Mi ò mọ̀ ọ́n. Tètè kọ ọ́ ránṣẹ́, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ìbéèrè rẹ̀ kì í tán,
Mùíbì